Ibi Tí Ariwo Orúkọ Hámánì Ti Ṣẹ̀

Lórí òkè àdúrà lọ́dọ̀ wa, ta ni kò mọ Hámánì? “Gbogbo Hámánì tó ri igi mọ́lẹ̀ dè mí, orí igi náà ni kó kú sí!” Ìjọ á ṣàmín, òrùlé á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Àmọ́ àwọn Júù tó ni ìtàn náà kì í bá a fi àdúrà jà bẹ́ẹ̀. Ariwo ni wọ́n fi ń lù ú.

Bí ọjọ́ 14 oṣù Ádárì nínú kàlẹ́ńdà Júù, ìyẹn ọjọ́ àjọ̀dún Púrímù, bá ti wọlé lálẹ́, wọ́n á ka Ìwé Ẹ́sítérì nínú sínágọ́gù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tún un kà. Ó lé ní ìgbà 50 tí orúkọ Hámánì jẹ yọ. Bí òǹkàwé bá ti fẹnu bà á báyìí, ẹsẹ̀ á máa jan ilẹ̀, ọmọdé á máa hó yèè. Òǹkàwé á dúró jẹ́ẹ́ kí ariwo rọlẹ̀, torí òfin ni pé kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà tí etí olùgbọ́ fò, títí kan orúkọ ọ̀tá yìí gan-an.

Ìtàn Hámánì fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ìjòyè tí ọba Páṣíà, Ahaswérúsì, gbé ga ju gbogbo ìjòyè lọ ni, ní Ṣúṣánì. Módékáì, Júù kan, kọ̀, kò forí balẹ̀ fún un. Hámánì bá ní gbogbo Júù ni yóò kú nítorí ẹnì kan. Ó ṣẹ́ kèké láti mọ ìgbà tí wọn yóò kú, kèké mú oṣù Ádárì (púrì ni wọ́n ń pe kèké náà, òun ló bí orúkọ Púrímù), ó sì fi 10,000 tálẹ́ńtì fàdákà lọ ọba. Ẹ́sítérì ayaba tú àṣírí rẹ̀ nídìí àsè. Igi ìgbọ̀nwọ́ 50 tó rì de Módékáì, Hámánì fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ sórí rẹ̀.

Ẹ wá ibi tí ìwé náà ti ní kí wọ́n pariwo, ẹ ò ní rí i. Àsè jíjẹ ló pa láṣẹ, àti kí wọ́n gbé oúnjẹ fún ara wọn, kí wọ́n sì ta tálákà lọ́rẹ. “Ará Ágágì” tí wọ́n pe Hámánì ló fa wàhálà. Ágágì ni ọba Ámálékì tí Sọ́ọ̀lù ọmọ Kíṣì dá sí, tí Sámúẹ́lì wá fi idà gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ìran Kíṣì ni wọ́n sì ka Módékáì mọ́. Gbèsè àtijọ́ ni ìjà wọn. Nípa Ámálékì yìí ni Diutarónómì 25 ṣe ní kí Ísírẹ́lì pa ìrántí rẹ̀ rẹ́ kúrò lábẹ́ ọ̀run, kí wọ́n má sì gbàgbé. Ẹ tún un kà. Kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n má sì gbàgbé! Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe méjèèjì pọ̀?

Àwọn kan fi iná ṣe é. Lọ́dún 408, Honorius àti Theodosius Kejì tí wọ́n jọ ń jọba Róòmù ṣòfin pé káwọn Júù yé dáná sun ère Hámánì, wọ́n ní ó ń jọ àgbélébùú, pé ẹ̀sìn Kristẹni ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín.

Níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá, Abraham ben Nathan, rábì (olùkọ́ ẹ̀sìn Júù) kan láti ìlú Lunel ní gúúsù Faransé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọdé ní Faransé àti Provence máa ń ṣa òkúta dídán, wọ́n á kọ orúkọ Hámánì sí i, wọ́n á wá máa fi òkúta gbá òkúta. Kò, kò, kò. Bí òkúta ṣe ń kanra, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ń ha dànù. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ìparẹ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ariwo kàn ń bá a rìn ni. Moses Isserles, rábì ńlá ìlú Kraków ní Poland tó kú lọ́dún 1572, sọ ohun tó jọ ọ́: àṣà kíkọ orúkọ sára igi àti òkúta ló bí lílu Hámánì ní sínágọ́gù, kí ẹnikẹ́ni má sì fi àṣà náà ṣẹ̀sín.

Nígbà tó yá, orúkọ kúrò lára òkúta, ariwo ló ṣẹ́ kù. Àwọn Júù Yúróòpù sì wá irinṣẹ́ fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní gragger: igi ìdìmú kan, kẹ̀kẹ́ eléyín lórí rẹ̀, àti pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ta lórí eyín náà. Fì í yípo, á ké kẹrẹrẹrẹ. Síbẹ̀ àṣà àkọ́kọ́ kò kú tán. Àwọn kan ṣì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ Hámánì sí àtẹ́lẹ̀ bàtà wọn, wọ́n á máa fi tẹ ilẹ̀ títí yóò fi pa rẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ń jẹ ẹ́: ìpápánu onígun mẹ́ta tó ń jáde nígbà Púrímù, “etí Hámánì” ni wọ́n ń pè é ní Ísírẹ́lì.

(Mùsùlùmí tó bá ń kà á yóò ti máa sọ pé Hámánì tòun yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ibi 6 ló wà nínú Àlùkùránì, ìjòyè Fìríáónà ni, ẹni tí wọ́n ní kó fi amọ̀ sísun kọ́ ilé gíga kí ọ̀gá rẹ̀ lè gòkè lọ wo Ọlọ́run Mùsá.)

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú Talmud, ìwé ńlá ẹ̀kọ́ àwọn rábì ayé àtijọ́, tí mi ò lè ṣàì mẹ́nu bà: pé nínú àwọn ọmọ ọmọ Hámánì, a rí àwọn tó kọ́ Tórà, ìyẹn ìwé òfin Mósè, ní Bnei Brak. Ìlú kan ṣì ń jẹ́ orúkọ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tel Aviv lónìí, àwọn elẹ́sìn paraku ló sì kún ibẹ̀. Bó bá dalẹ́ Púrímù, wọ́n ń lu Hámánì níbẹ̀ náà.