Ológun Ló Kọ́kọ́ Fa Eré Ìdárayá Wọ Ilé-Ìwé

Bí ìjọba bá ń sọ̀rọ̀ eré ìdárayá nílé-ìwé lónìí, ìlera ọmọ ni wọ́n máa ń fi ṣáájú. Àwọn òfin tó kọ́kọ́ kà á mọ́ iṣẹ́ kíláàsì kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ rárá. Ogun ló bí wọn.

Kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ kò sa ipá tiwọn. Ní 1793, Johann GutsMuths, olùkọ́ kan ní Schnepfenthal nílẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lórí eré sísá, fífò, gígun òkè àti lílúwẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọdé. Ìwé náà wọ Franz Nachtegall lọ́kàn ní Copenhagen, ó sì ṣí ilé ìdárayá tirẹ̀ ní 1799. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ọba Dẹ́nmáàkì fi í ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ ìdárayá fún àwọn ọmọ ogun. Ní 1807 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò àgbá lé Copenhagen lórí. Nígbà tí òfin ilé-ìwé Dẹ́nmáàkì jáde ní 1814, ìdárayá ti wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin.

Ti Prọ́ṣíà, ìjọba ńlá kan nílẹ̀ Jámánì nígbà náà, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Napoleon, olú-ọba Faransé, ti ṣẹ́gun wọn ní 1806, inú wọn sì ń ru. Ní 1811, Friedrich Ludwig Jahn kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí pápá Hasenheide nítòsí Berlin, wọ́n ń pọ́n òpó, wọ́n ń rọ̀ mọ́ irin ìdábùú, kí ara wọn lè le de ọjọ́ ìjà. Ogun parí tán, ìjọba rí i pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ti wọ ẹnu àwọn tí iṣan wọn ti le yìí. Wọ́n mú Jahn ní 1819, wọ́n sì fòfin de ìdárayá ní gbangba lọ́dún kejì. Ó di 1842 kí ọba tó ní ìdárayá pọn dandan nínú ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n wá fọwọ́ ara wọn gbé wọlé. Faransé náà fìdí rẹmi lọ́wọ́ Prọ́ṣíà ní 1871. Nígbà tó fi máa di 1880, òfin ti sọ ọ́ di dandan nílé-ìwé ìjọba fún àwọn ọmọkùnrin.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ olówó ń gbá krikẹ́ẹ̀tì àti rọ́gíbì. Ọmọ tálákà, dírìlì ni tirẹ̀: ẹ tò, ẹ yí sọ́tùn-ún, ẹ yí sósì. Ogun Boer, tí Gẹ̀ẹ́sì jà ní Gúúsù Áfíríkà, wá fi hàn pé ara ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun kò pé. Ní 1902, ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ilé-ìwé wá tààrà láti ilé-iṣẹ́ ogun. Igi ni wọ́n kó fún ọmọdé dípò ìbọn! Àwọn olùkọ́ pariwo, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì.

Obìnrin ló ti ń la ọ̀nà mìíràn kó tó dìgbà yẹn. Martina Bergman-Österberg, ọmọ Swídìn, dé London ní 1881 láti máa bójú tó ìdárayá àwọn ọmọbìnrin, ó sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́bìnrin sílẹ̀ ní 1885. Ìlànà Swídìn tó kọ́ wọn yìí ni ìwé ètò ìjọba ti 1909 dá lé. Ẹ̀ka ìṣègùn ló wá ń bójú tó o nígbà náà, kì í ṣe ológun mọ́.

Ẹ̀rù ogun ò tíì tán o. Láàárín ọdún 1950 sí 1955, wọ́n dán àwọn ọmọ Amẹ́ríkà wò: kí ọmọ nà gbalaja kó sì dìde jókòó láì fọwọ́ tilẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kó tẹ̀ba kó fọwọ́ kan ilẹ̀ láì ká orúnkún. Nǹkan bí 58 nínú 100 ló kùnà, ó kéré tán, nínú ọ̀kan. Ti àwọn ọmọ Yúróòpù tí wọ́n fi wé wọn kò tó 9. Eisenhower, ọ̀gágun tó di ààrẹ, gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1956.

Ní 1978 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn ni ẹ̀kọ́ ìdárayá àti eré ìdíje. Wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2015, tí wọ́n tẹnu mọ́ obìnrin àti àwọn tó ní ìpèníjà ara. Síbẹ̀, bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, pírẹ́ọ̀dù ìdárayá ni olùkọ́ ìṣirò kọ́kọ́ máa ń yá.