Ta ló ní àwo Relapse Eminem kùtà?

Bí ẹ bá dárúkọ Relapse, àwo tí Eminem, olórin ráàpù ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, láàárín àwọn tó fẹ́ràn hip-hop, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ pé, "Èyí tó kùtà yẹn?" Wọn a ní Recovery, àwo rẹ̀ ti ọdún 2010, ló yọ ọ́ nínú ìtìjú. Ẹni tí kò gbọ́ orin kan ṣoṣo nínú àwo náà rí gan-an ń sọ ọ́. Irọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀dà 608,000 ló tà ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ipò kìíní lórí Billboard 200, àtẹ àwọn àwo tó ń tà jù níbẹ̀. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, kò sí àwo ráàpù mìíràn tó tà tó o níbẹ̀. Ní January 2010, ó gba àmì ẹ̀yẹ Grammy fún àwo ráàpù tó dára jù. Ṣé èyí ni wọ́n ń pè ní kùtà?

Àwọn kan ń fi wé àwo rẹ̀ ti ọdún 2000, èyí tó tà ju mílíọ̀nù kan àti àbọ̀ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n gbàgbé pé ọjà ti yí padà. Lọ́dún 2000, àwo tí gbogbo olórin tà ní Amẹ́ríkà lé ní 780 mílíọ̀nù. Ní 2009, kò pé 375 mílíọ̀nù mọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ti dé, orin ẹyọ kan ni àwọn èèyàn ń rà, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ rà rárá.

Ti àwọn lámèyítọ́ ló díjú. Láti 2004 ni Eminem kò ti gbé àwo tuntun jáde. Wọ́n yìnbọn pa Proof, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ní Detroit lọ́dún 2006. Ní ìparí 2007, díẹ̀ ló kù kí oògùn methadone pa òun náà. Àwọn èèyàn ń retí kó wá ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Dípò bẹ́ẹ̀, apànìyàn ló ń ṣe nínú orin lórí orin, pẹ̀lú ohùn àjèjì tẹ́nìkan ò mọ ìlú tó ti wá. Àwọn kan ní ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ. Ó sú àwọn mìíràn. "Beautiful", orin kan nínú àwo náà níbi tó ti sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ láìfi bò, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yìn. Ní tèmi o, ohùn tí wọ́n ń bú yẹn kì í ṣe eré lásán: ó fi ń tẹ fáwẹ̀lì títí ọ̀rọ̀ tí kò bára mu yóò fi bára mu. Ẹ tún un gbọ́.

Eminem fúnra rẹ̀ ló wá dá kún un. Nínú "Not Afraid", orin kan nínú Recovery, ó ní àwo tó ṣáájú yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, àti pé òun lo ohùn àjèjì náà ní àlòjù. Ni gbogbo ayé bá gbà á bí ìdájọ́. Àmọ́ adùn ló ń sọ, kò dárúkọ ọjà.

Lóòótọ́, Recovery ta á yọ: 741,000 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òun ló sì tà jù ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010. Rédíò kò yéé gbé orin tí Eminem àti Rihanna jọ kọ nínú rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ti Relapse ńkọ́? Ta ni yóò máa fi orin apànìyàn ṣeré lórí rédíò ní ọ̀sán gangan?