Ewu hẹ́dífóònù fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lójú pópó

Lílo hẹ́dífóònù tàbí íápíìsì nígbà téèyàn bá ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì, tàbí tó ń sọdá, wà lára ohun tí àwọn olùwádìí ààbò ojú pópó ń pè ní ìpínyà ọkàn. Ó yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tẹ fóònù. Ojú ẹni tó ń gbọ́ orin ṣì lè wà lójú ọ̀nà. Etí rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ etí lójú ọ̀nà

Ojú kì í rí ẹ̀yìn, kì í sì í rí ọkọ̀ tí kò tíì yọ ní kọ̀rọ̀. Etí ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti apá ọ̀tún, ìró rẹ̀ á kọ́kọ́ dé etí ọ̀tún, á sì ròkè díẹ̀ níbẹ̀ ju ti òsì lọ. Àkókò tó wà láàárín méjèèjì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, síbẹ̀ òun wà lára ohun tí ọpọlọ fi ń mọ apá tí ọkọ̀ náà wà. Bí etí òde ṣe rí gbágungbàgun náà ń yí ìró padà, ìyẹn ló sì ń jẹ́ ká mọ̀ bóyá iwájú ni ìró ti wá tàbí ẹ̀yìn. Íápíìsì tó dí ihò etí máa ń ba ètò yìí jẹ́, kódà bí orin kò bá dún.

Bí orin bá wá ń dún, yóò bo ìró ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Hẹ́dífóònù tó ń pa ariwo tún ní tirẹ̀: ìró tó nípọn, tó ń kùn nísàlẹ̀, ló mọ̀ ọ́n pa jù, bẹ́ẹ̀ irú ìró yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá máa ń ní. Àwọn kan ní ètò tó ń jẹ́ kí ìró ìta wọlé. Èyí tó ń gba ara egungun gbé orin wọ etí kò dí ihò etí rárá, àmọ́ ọkàn ẹni tó ń lò ó ṣì lè wà lọ́dọ̀ orin.

Ìwádìí

Ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí jù ni èyí tí Richard Lichenstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Maryland gbé jáde ní 2012. Wọ́n rí ìṣẹ̀lẹ̀ 116 tí ọkọ̀ ti gbá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tó lo hẹ́dífóònù ní Amẹ́ríkà láàárín 2004 sí 2011. Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló yọrí sí ikú. Ọkọ̀ ojú irin ló sì wà nídìí ìdá 55. Nínú ìdá 29, ìròyìn sọ pé wọ́n fọn fèrè kí ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ 16 tí wọ́n rí ní 2004 àti 2005 di 47 ní 2010 àti 2011.

Ó yẹ ká fi sùúrù ka iye wọ̀nyí. Inú ìwé ìròyìn ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ikú ló sì sábà máa ń dénú ìròyìn ju ọgbẹ́ lọ. Wọn kò fi wọ́n wé àwọn tó lo hẹ́dífóònù tí nǹkan kan kò ṣe. Ní ọdún kan náà, David Schwebel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Alabama ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọdá títì inú kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ gbá àwọn tó ń gbọ́ orin ju àwọn tí kò ṣe nǹkan kan lọ.

Ọkọ̀ oníná mànàmáná

Bí ọkọ̀ wọ̀nyí bá ń rọra lọ, kò sí ìró ẹ́ńjìnnì, ariwo táyà kò sì tíì pọ̀. Láti 2021, gbogbo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ń tà ní tuntun ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ máa dún fúnra rẹ̀ títí dé eré 20 kìlómítà ní wákàtí kan.

Òfin

Òfin tí ìlú Honolulu ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2017 kọ̀ fún ẹni tó ń sọdá láti máa wo fóònù. Kò fòfin de gbígbọ́ orin.