Ẹni tó lálàá pé òun bá ọkùnrin sùn kò tíì di aya odò

Ní Òṣogbo níbí, bí ìyàwó ilé bá lo ọdún mélòó kan tí oyún kò dé, tàbí tí ọmọbìnrin pé ọgbọ̀n ọdún tí kò tíì lọ́kọ, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé: "Ṣé o kì í lálàá pé ọkùnrin kan ń bá ọ sùn?" Bó bá fi lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Wọ́n á ní ó ti lọ́kọ nínú omi, pé ẹni àìkú kan ti fẹ́ ẹ kó tó wáyé, òun ló sì ń jowú ọkọ tòde ayé. Nítorí pé odò ìlú wa kò jìnnà, Ọ̀ṣun ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ Ọ̀ṣun kúrò níbẹ̀. Gbogbo ọmọ Òròkí ló mọ ìtàn Láàróoyè àti Tìmẹ́hìn tó tẹ Òṣogbo dó, bí igi ṣe wó sínú odò, tó fọ́ ìkòkò aró, tí ohùn sì ké láti inú omi. Májẹ̀mú ni Ọ̀ṣun bá wọn dá lẹ́yìn náà: kí wọ́n kúrò létí omi, kí wọ́n sì máa bọ òun lọ́dọọdún. Kò ní kí Láàróoyè fẹ́ òun. Ẹja ló fi ránṣẹ́ sí i, tí ó tẹ́wọ́ gbà, ibẹ̀ sì ni Àtáọ́ja, orúkọ oyè ọba Òṣogbo, ti wá. Arugbá náà kì í ṣe ìyàwó odò. Wúńdíá ilé ọba tó ń ru igbá fún ìlú ni. Bí àkókò àtilọ́kọ bá tó, á gbé igbá sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin tó ń wọ́ lọ sí ojúbọ lóṣù Ògọ́sítì, ọmọ ni wọ́n ń tọrọ. Báwo ni ẹni tí à ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe wá di ẹni tó ń dènà ọmọ?

Pé àgbàlagbà ń lá àlá ìbálòpọ̀ kò lárìíyànjiyàn nínú. Abiyamọ tó bí mẹ́fà náà ń lá a. Ibi tí ọ̀rọ̀ kì í tán sí ni ibi tí obìnrin bá ti ní: "Kì í ṣe àlá lásán. Mo ti jí, ojú mi là sílẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lórí àyà mi, n kò lè mira. Nígbà tó lọ, ara mi ti rin." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́ rárá. Bí oorun ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọn kò sọ fún un.

Oorun kì í rí bákan náà láti alẹ́ di àárọ̀. Ó ń lọ ní ìpele ìpele, ó sì ń gbà tó 90 ìṣẹ́jú kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Ní òpin ìyípo kọ̀ọ̀kan ni oorun kan máa ń wá tí ẹyinjú á máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ ìpéǹpéjú. Inú rẹ̀ ni àlá tó dà bí òótọ́ pọ̀ sí, ó sì ń gùn sí i bí ilẹ̀ ṣe ń lọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí "ọkọ" yìí fi fẹ́ràn ìdájí. Lásìkò náà, ọpọlọ á dá iṣan apá àti ẹsẹ̀ dúró kí alálàá má baà dìde sá lọ. Ẹyinjú àti iṣan tó ń fa èémí lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tún máa ń ya lọ sí ìsàlẹ̀ ara: nǹkan ọkùnrin á le, ojú ara obìnrin á rin, ì báà jẹ́ àlá ọjà ló ń lá. Ọkùnrin tó jí ní ìdájí bá a bẹ́ẹ̀, a kì í ní ìyàwó inú omi ló wá bá a. Kí ló dé tí ti obìnrin fi di ẹ̀rí?

Nígbà míì, ojú á là kí agbára tó padà sínú iṣan. Èèyàn á rí fèrèsé, á rí àpótí aṣọ, àlá kò sì tíì ká kúrò lójú rẹ̀. Àyà á wúwo, nítorí iṣan ẹ̀gbẹ́ ìhà kò bá a mí. Ibi tó ń pe ẹ̀rù nínú ọpọlọ wà lójúfò, á sì wá ẹni tí yóò di ẹ̀rù náà lé lórí. Àwọn àgbà ní ogun òru ni, wọ́n ní ṣìgìdì ló gorí àyà. Àwọn ti ìsinsìnyí ń pè é ní ọkọ ọ̀run. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ló sábà ń gbà. Ara ti rin kó tó jí. Ìgbà tó jí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Àìsùn tó, iṣẹ́ alẹ́, ìrònú àti fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn ló ń fà á. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ní kó ṣe ìṣọ́ òru ọjọ́ 21 láti lé ọkọ òru, oorun rẹ̀ ni wọ́n ń gé kù, àìsùn náà ló sì ń bí ohun tí wọ́n ń lé. Kó máa sùn tó wákàtí 7 sí 9, ní àkókò kan náà, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bó bá tún dé, kó má jà. Kó mí díẹ̀díẹ̀, kó gbìyànjú láti mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan, ìyókù ara á tẹ̀ lé e. Bó bá ń gé ahọ́n jẹ, tó ń gbọ̀n, tó ń tọ̀ sára lójú oorun, kó lọ sílé ìwòsàn, ó lè jẹ́ wárápá.

Ní ti ọmọ, bí tọkọtaya bá ti gbìyànjú fún oṣù 12 láìsí oyún (oṣù 6 bí ìyàwó bá ti lé ní ọdún 35), àyẹ̀wò ló kàn, ti ọkọ ni kí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló rọrùn jù. Kó má bá obìnrin sùn fún ọjọ́ 2 sí 7. Inú ike tí wọ́n fún un ni kó gba àtọ̀ sí, kì í ṣe inú kọ́ńdọ̀mù. Kó má jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà nù, torí ibẹ̀ ni irúgbìn pọ̀ sí jù. Kó fi sápò mọ́ ara, kó gbé e dé láàárín wákàtí kan. Bí irúgbìn kò bá tó mílíọ̀nù 16 nínú mìlílítà kan, kó tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nítorí àtọ̀ tuntun ń gbà ju oṣù méjì lọ kó tó gbó. Fún ìyàwó, fọ́tò ọ̀nà ilé ọmọ (X-ray tí wọ́n ń pè ní HSG) ni, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù bá dá, kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá tí a bá kà á láti ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

Èyí kò sọ pé kò sí ohun tí ojú kò rí. Ẹgbẹ́ ọ̀run wà nínú ìṣẹ̀ṣe, àwọn tó ń bọ ọ́ sì mọ ohun tí wọ́n ń bọ. Bóyá ẹ̀rí mìíràn wà níbì kan. Àmọ́ àlá, àyà tó wúwo àti ara tó rin kò tó láti fi obìnrin fún odò.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní kí obìnrin ki ọṣẹ tàbí àgbo sójú ara láti lé ọkọ omi. Ó ń ba awọ ibẹ̀ jẹ́, ó ń fa kòkòrò wọlé, kòkòrò náà sì lè gòkè lọ dí ọ̀nà ilé ọmọ. Ẹni tó bá sì ní kó wá wẹ̀ lódò lóru lóun nìkan, kó má lọ.