Ṣé mo lè sọ àṣírí mi fún oníṣègùn ọkàn?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn Mùsùlùmí tó ń wá gba ìtọ́jú ìrònú àti ìdààmú ọkàn lọ́dọ̀ mi ní Súrùlérè máa ń fà sẹ́yìn títí àkókò wa á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Wọ́n á ti sọ ti oorun tí kò wá, àyà tó ń já, ìrun Àsùbáà tí wọn ò lè dìde kí mọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbé báàgì ni wọ́n á tó sọ pé, "Mà, nǹkan kan wà nídìí ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ṣé mi ò ní jẹ̀bi lọ́dọ̀ Ọlọ́hun tí mo bá sọ ọ́?"

Ẹ ò ní jẹ̀bi, bó bá jẹ́ torí ìwòsàn lẹ ṣe sọ ọ́.

Mo mọ hádíìsì tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé gbogbo ìjọ òun la ó ṣàmójúkúrò fún, àyàfi àwọn tó ń ṣe ẹ̀ṣẹ̀ wọn ní gbangba: ẹni tó ṣe nǹkan lóru, tí Ọlọ́hun bò ó láṣìírí, tó wá jí láàárọ̀ tó ń ní, "Lágbájá, báyìí báyìí ni mo ṣe lánàá." Ẹ wo ẹni yẹn dáadáa. Kò wá ìrànlọ́wọ́, ìròyìn ló ń ṣe. Ẹni tó jókòó síwájú mi, tó ń fa ìka ọwọ́ ara rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ti wọlé, kì í ṣe irú ẹ̀ rárá. Ímáámù Nawawi, àgbà onímọ̀ hádíìsì láyé àtijọ́, ṣàlàyé pé kò dáa kéèyàn máa sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fáráyé, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́ fún ẹni tó ń retí pé yóò fi ọ̀nà àbáyọ hàn án, kò burú, ó tilẹ̀ dáa.

Síbẹ̀, ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ mọ. Mi ò lè dárí jì yín. Túúbá wà láàárín ẹ̀yin àti Ọlọ́hun. Mi ò nílò orúkọ ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ni mi ò nílò bó ṣe ṣẹlẹ̀ látòkèdélẹ̀. "Mo ní àjọṣe kan tó lòdì sí ẹ̀sìn mi, ó ti parí, mi ò sì rí oorun sùn látìgbà náà." Ìyẹn tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àṣìṣe ọkọ tàbí ìyàwó yín, ẹ lè sọ ọ́ bákan náà, bó bá jẹ́ torí ìwòsàn. Hind, ìyàwó Abu Sufyan, lọ bá Ànábì pé ahun lọkọ òun, kì í fún òun lówó tó tó òun àtọmọ. Ànábì dá a lóhùn, kò bá a wí pé ó sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn.

Àwọn kan tún wà tí jíjẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ ti di ara àìsàn fún. Wáswáàsì, ìyẹn iyèméjì tó ń pààrà ọkàn ṣáá, ò jẹ́ kí wọ́n sinmi: wọ́n á jẹ́wọ́ fún àáfà, wọ́n á jẹ́wọ́ fún ìyá wọn, ara á tù wọ́n díẹ̀, kó tó dalẹ́ ó tún ti dé. Irú wọn, ńṣe ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tún un sọ, torí gbogbo àtúnsọ ló ń bọ́ àìsàn náà.

Ànábì ní bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tó sì wẹ̀yìn wò, àmáànà ni ọ̀rọ̀ náà, ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni láti pa mọ́. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 náà ní kí ọ̀rọ̀ aláìsàn wà ní àṣírí, ṣùgbọ́n àwọn ìgbà kan wà tí òfin yọ sílẹ̀, bí àṣẹ ilé ẹjọ́. Ẹ bi oníṣègùn yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ta ló ń ka ìwé mi? Ìgbà wo lẹ máa sọ fún ẹlòmíràn? Bó bá ń yí i mọ́ yín lójú, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tó ń gba ìtọ́jú lórí fóònù nínú ilé tí yàrá kọjú síra ní Muṣin, ẹ wá ibòmíràn jókòó. Ògiri yẹn ò dí ohùn.

Èrò pé kéèyàn pa ara rẹ̀ nìkan ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bò. Ẹ má dúró dọjọ́ àdéhùn. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó bá wà nítòsí, kó sìn yín lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tàbí LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà, lọ́jọ́ náà gan-an.