Ẹ Ti Kọ́ṣẹ́ Tán: Kí Ni Ẹ Ó Fi Han Ẹni Tí Kò Mọ̀ Yín Rí?

Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá wá bá mi pé òun ń wáṣẹ́ ni pé, “Kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe?” Ìdáhùn rẹ̀ kì í nira. Ẹnìkan á ní ajórin lòun, ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ iná lòun kọ́, aránṣọ á ní kò sí irú aṣọ tí òun kò lè gé. Ìbéèrè kejì ló máa ń le: “Ẹni tí kò mọ̀ yín rí, tí kò sì mọ ọ̀gá yín, kí ni yóò fi mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ?” Lórí ìyẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìsapá àwọn ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ dáadáa ti ń já sófo.

Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, ni ọmọ iṣẹ́ máa ń lò lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó ru irinṣẹ́, ó kọ́ṣẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n ṣe fíríìdọ̀mù fún un, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ fún un ní ìwé, àwọn àgbà gbàdúrà. Láàrin àdúgbò, ìyẹn tó. Ẹni tó ń kọ́lé nítòsí á béèrè pé ta ló ṣe géètì yìí, iṣẹ́ á sì dé. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yìí bá fẹ́ wọ ilé-iṣẹ́ ńlá ní Àgbárá tàbí Ṣàgámù, tó fẹ́ gba owó oṣù, ẹni tó máa gbà á síṣẹ́ kò gbé àdúgbò yẹn. Ìwé fíríìdọ̀mù kì í ṣe ohun tí à ń jù nù o. Ó fi hàn pé onítọ̀hún ní sùúrù, ó sì parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ náà ló fọwọ́ sí i. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ń wá ni ìdánwò tí ẹlòmíràn ṣe fún un.

Ìdánwò náà wà, ó sì ti pẹ́ tó ti wà. Trade Test ni wọ́n ń pè é, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ìgbanisíṣẹ́ ló ń ṣe é. Ìpele mẹ́ta ló ní: Grade III ni ìbẹ̀rẹ̀, Grade II tẹ̀ lé e, Grade I ló ga jù. Wọ́n máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú wọn.

Nínú àwọn tí mo ti bá múra sílẹ̀ fún un, kì í sábà jẹ́ ọwọ́ ló ń kùnà. Ajórin á jó irin, ojú ibi tó jó á dán. Ìgbà tí wọ́n bá gbé àwòrán iṣẹ́ síwájú rẹ̀ pé kó ka ìwọ̀n inú rẹ̀ ní mílímítà ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, torí ojú ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń wọn nǹkan. Oníṣẹ́ iná mọ bí wọ́n ṣe ń fa wáyà gba inú ògiri, ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé ìdí tí wáyà tó tín-ín-rín kò fi lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà níbẹ̀: ẹni tí kò wọ ìbọ̀wọ́, tí kò lo awò ìjórin fún ọdún mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù, kì í rántí wọn lọ́jọ́ ìdánwò. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì forúkọ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba tó wà nítòsí yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ yín ní kíka àwòrán àti ìwọ̀n lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ lọ́wọ́, kíá ni ọpọlọ rẹ̀ ń gba ìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn ni ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní NSQ, èyí tí NBTE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ń mójú tó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, nítorí ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti lè yẹ̀ yín wò, tí wọ́n á sì ka iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe sẹ́yìn mọ́ ọn. Ẹ̀rí lẹ máa kó jọ fún wọn: fọ́tò iṣẹ́, ìwé àdéhùn, ọ̀rọ̀ oníbàárà. Èsì WAEC kọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ní ti àwọn tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ìdánwò NABTEB, àjọ ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1992, ni tiwọn.

Ẹni tí kò tíì kọ́ṣẹ́ rárá ńkọ́? Ọ́fíìsì NDE, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìríṣẹ́ṣe, ni kó kọ́kọ́ lọ. Ọdún 1986 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ nígbà tí àìríṣẹ́ṣe ń gbóná, ó sì ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀. Wọ́n máa ń fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ìjọba á san nǹkan fún ọ̀gá náà. Wọ́n tún ní ọkọ̀ tí wọ́n kó irinṣẹ́ sí, tó ń lọ kọ́ àwọn ará ìgbèríko níṣẹ́. Àyè kì í fi ìgbà gbogbo ṣí sílẹ̀, nítorí náà ẹ lọ béèrè, ẹ sì padà lọ béèrè.

Ibi yòówù kí ẹ ti fẹ́ kọ́ṣẹ́, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wádìí kí ẹ tó jókòó: ẹ̀rọ wo ni ọwọ́ mi máa kàn, ta ló máa dán mi wò lẹ́yìn rẹ̀, níbo sì ni àwọn tó parí ṣáájú mi ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ẹ gba nọ́ńbà méjì nínú wọn, kí ẹ pè wọ́n. Ètò tí kò bá lè dárúkọ ẹyọ kan nínú àwọn tó ti kọ́, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò níbẹ̀.

Nípa owó, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa kó èèyàn fún iṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ ìjọba. Àdéhùn kan tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣe lọ́dún 1997 náà sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń báni wáṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá wá ń béèrè owó fọ́ọ̀mù, owó yúnífọ́ọ̀mù tàbí owó “ètò” kí ẹ tó rí ojú ọ̀gá ilé-iṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Owó ìdánwò Trade Test yàtọ̀ sí èyí. Ìjọba lẹ san án fún, ẹ gba rìsíìtì. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ òkè òkun ni wọ́n ń bá ọmọbìnrin yín sọ, ẹ kàn sí NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, kó tó gbéra.

Ó wá ku CV. Ojú ewé kan tó. Ẹ má kọ “mo jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun”. Gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́. Ẹ kọ iṣẹ́: “Mo jó géètì àti irin fèrèsé ilé alájà méjì ní Ìbàdàn, ọdún 2023, mo ń lo ẹ̀rọ ìjórin àti ẹ̀rọ ìgérin.” Ẹ fi fọ́tò mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀, kí iṣẹ́ inú rẹ̀ hàn ketekete. Ẹ kọ nọ́ńbà oníbàárà méjì, ṣùgbọ́n kí ẹ ti gbàṣẹ lẹ́nu wọn. Ọ̀gá yín náà, ẹ lọ kí i kí ẹ tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń wá fún un, àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tó lè pè é, kí ó lè mọ ohun tó máa sọ.