Àṣìmú ẹ̀ṣọ́ ni, ẹ yé pè é ní àìlera

Àwọn àìsàn kan wà níbi tí ẹ̀ṣọ́ inú ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà, ti ń kọjú ìjà sí ara tó yẹ kó ṣọ́. Lórí rédíò, wọ́n á ní "ọ́tò-ìmíùnù", wọ́n á sì kọjá lọ bíi pé wọ́n ti ṣàlàyé nǹkan kan. Àwọn olùkọ́ èdè gbé "ìṣọ̀tẹ̀-sára-ẹni" kalẹ̀ ní tiwọn. Ọ̀tẹ̀ kẹ̀? Ọlọ̀tẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe, ó mọ ọba tó fẹ́ lé kúrò lórí ìtẹ́. Ẹ̀ṣọ́ inú ara kò dìtẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe tọkàntọkàn, ẹni tó yẹ kó mú ni kò mú. Àṣìmú ẹ̀ṣọ́ ni mo ń pè é. Bí àṣìsọ, àṣìgbọ́ àti àṣìlò bá jẹ́ Yorùbá, kí ló wá ṣe àṣìmú?

Ẹ má sì fi "àjẹsára" dá mi lóhùn, pé òun ni orúkọ ẹ̀ṣọ́ ara. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ọmọ jòjòló ni gbogbo abiyamọ Ifẹ̀ mọ̀ sí àjẹsára. Ẹ wá sọ fún un pé àjẹsára ló ń bá ara ọmọ rẹ̀ jà, ká wò ó bóyá yóò tún gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ká ní olè wọ agboolé kan ní Ìlódè lásìkò Ọlọ́jọ́, ó sì wọ ańkárá tí gbogbo ẹbí dá. Àwọn ọdẹ mú un, wọ́n lù ú bolẹ̀. Àmọ́ ańkárá ni wọ́n há sórí, kì í ṣe ojú olè. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti yọ pẹ̀lú aṣọ yẹn, baálé ni o, ìyàwó ilé ni o, ìgbájú ìgbámú ni. Kòkòrò streptococcus tó ń fa ọ̀fun dídùn ni olè yẹn. Àwọn nǹkan kan lára rẹ̀ jọ ti ọkàn wa. Ọ̀fun ọmọ á ti san, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí ibà tó dé, kí orúnkún wú, kó kúrò níbẹ̀ kó bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀. Ti oríkèé á lọ. Ti fáàfù ọkàn, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn, lè má lọ láéláé. Dókítà ìbáà wà ní Wesley Guild n'Íléṣà tàbí níbòmíràn, pẹnisílínì ni yóò máa gún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí olè má tún wọlé.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara kan sì wà tó dà bí olórí ọdẹ tó ń sọ pé, "Ọmọ ilé ni, ẹ fi í sílẹ̀." Shimon Sakaguchi, ará Japan, ló fi irú wọn hàn ní 1995. Òun pẹ̀lú Mary Brunkow àti Fred Ramsdell, ará Amẹ́ríkà, gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2025.

Àtọ̀gbẹ tó ń sọ ọmọdé di oní-ínsúlínì, àṣìmú ni. Lúpọ́ọ̀sì, àìsàn tó ń ba awọ ara, oríkèé àti kíndìnrín jà, tó jẹ́ pé obìnrin ni nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tó ń ṣe, àṣìmú ni. Àlẹ́jì ńkọ́? Àlejò tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n ṣì mú, kì í ṣe ọmọ ilé. Ẹni tó bá fẹ́ kó yà á sọ́tọ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni "àìlera sójà ara". Sójà ara kò burú, àwọn ẹlẹ́wéomo ń lò ó, ó sì ń yé èèyàn. Àìlera yẹn ni irọ́. Éèdì ni àìlera, níbi tí kòkòrò HIV ti ń pa ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ládùúgbò wa ní lákùrègbé tí ẹ̀ṣọ́ fà. Láàárọ̀, ìka rẹ̀ kì í ṣí, oòrùn á ti yọ dáadáa kó tó lè tú ewé ẹ̀kọ kan. Ilé ìwòsàn fún un ní prednisolone. Ẹnìkan wá sọ fún un pé sójà ara rẹ̀ ló rọ, ló bá lọ ra àgbo afúnsójà-lágbára ní Sábó, ó ń mu méjèèjì pọ̀. Oògùn ní kí ẹ̀ṣọ́ jókòó, àgbo ní kí wọ́n dìde. Orúkọ burúkú ló rán ìyá yẹn lọ sí Sábó.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní àṣìmú ti jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣi èèyàn mú n'Ífẹ̀ yìí?